Flush Tó Ku Ẹyọ Kan: Bí Mo Ṣe Ta Á Lórí Tábìlì ₦50/₦100 Ní Àkúrẹ́

Tábìlì póókà tí a máa ń jókòó tì ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, kò tóbi. Blind rẹ̀ (owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀ kí a tó pín káàdì) jẹ́ ₦50 àti ₦100, ₦10,000 sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé kalẹ̀, ìyẹn blind ńlá lọ́nà 100. Irú tábìlì báyìí ní ìwà tirẹ̀: ẹni tó bá ti rí kíǹgì kan tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ mu kì í jù ú sílẹ̀, iye yòówù kí wọ́n ní kó san. Ìwà yẹn ló yẹ kó darí bí a ṣe ń ta flush (káàdì márùn-ún tí ẹ̀yà wọn jẹ́ ọ̀kan) tó ku ẹyọ kan kó pé, ju gbogbo ohun tí a bá kọ́ nípa ìgboyà lọ. Eré kan tí mo ta níbẹ̀ ni mo fẹ́ tú palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ìṣirò tó wà nídìí ìpinnu kọ̀ọ̀kan.

Orí bọ́tìnnì ni mo wà, èmi ni mo sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn flop, ìyẹn káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣí sí àárín tábìlì. Éèsì háàtì àti 7 háàtì ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹni méjì ti san ₦100 lásán kó tó kàn mí. Mo gbé e lọ sí ₦500: blind ńlá mẹ́ta, mo sì fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un fún àwọn méjì tó ti san ṣáájú. Ẹni tó fi blind kékeré lélẹ̀ ju káàdì sílẹ̀, ẹni tó fi blind ńlá lélẹ̀ san. Nínú àwọn méjì tó kọ́kọ́ san, ọ̀kan jáde. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó sí apá ọ̀tún mi san. Owó àárín tábìlì di ₦1,650.

Éèsì yẹn ni mo sanwó lé lórí. Pé káàdì méjì jọ jẹ́ háàtì nìkan kò tó. Flop máa ń sọ káàdì méjì tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà di flush tó ku ẹyọ kan ní nǹkan bí ìgbà 11 nínú 100, flush pípé kò sì tó ìgbà kan nínú 100. Ẹni tó ń fi ₦500 tẹ̀lé 9 àti 3 torí pé àwọ̀ wọn bára mu ń sanwó fún ohun tí kò ní yọjú nígbà 88 tó kù.

Flop bọ́ sílẹ̀: kíǹgì háàtì, 9 háàtì, 4 kílọ́ọ̀bù.

Háàtì 13 ló wà nínú páálí. Mo ti rí mẹ́rin, ó ku 9. Káàdì tí n kò tíì rí jẹ́ 47. Nítorí náà, kí háàtì bọ́ lórí turn (káàdì kẹrin) jẹ́ 9 nínú 47, nǹkan bí 19 nínú 100. Bí turn bá kọ̀, 9 nínú 46 ló kù fún river (káàdì karùn-ún, tó kẹ́yìn), kò jìnnà sí 20 nínú 100. Kí ó bọ́ lórí ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ 35 nínú 100.

Blind ńlá lu tábìlì, ìyẹn ni pé kò fi owó lélẹ̀, kò sì ju káàdì sílẹ̀; ẹ̀gbọ́n fi ₦800 lélẹ̀. Owó àárín di ₦2,450, èmi ló kàn.

Ibí yìí ni owó ti ń jò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n ti gbọ́ pé kí wọ́n fi 4 sọ iye káàdì tí wọ́n ń wá di ìlọ́po lórí flop, wọ́n rí 36, wọ́n sì san ohunkóhun. 4 yẹn wà fún ìgbà tí kò sí owó mìíràn tí a máa san kí river tó bọ́, bíi kí ẹnì kan ti ko gbogbo owó rẹ̀ lélẹ̀. Bí owó bá ṣì wà lẹ́yìn wa, èyí tí a kò tíì fi lélẹ̀, káàdì kan ṣoṣo ni ₦800 yìí ń rà fún mi. Bí turn bá kọ̀, ẹ̀gbọ́n á tún gbé owó mìíràn ka iwájú mi. 2 ni mo fi ń ṣe ìlọ́po: 18, tó súnmọ́ 19 tó jẹ́ òótọ́ rẹ̀.

Iye tí wọ́n ń bi mí nìyí: ₦800 kí n lè jẹ ₦2,450. Bí mo bá san, owó àárín á jẹ́ ₦3,250, ₦800 sì jẹ́ nǹkan bí 25 nínú rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. 19 ni mo ní. Bí a bá dúró síbẹ̀, ó yẹ kí n jù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó ṣì kù lẹ́yìn. Káàdì 38 ló lòdì sí mi, 9 ló gbè mí, ìyẹn 4.2 sí 1. Fún ₦800, ó yẹ kí n máa jẹ nǹkan bí ₦3,380. ₦2,450 ló wà níbẹ̀, ó ku nǹkan bí ₦930. Ìbéèrè tó kù nìyẹn: bí háàtì bá bọ́, ṣé ẹnì kan á san ₦930 fún mi? Ẹ̀gbọ́n ní ₦8,700 lẹ́yìn, kì í sì í ju kíǹgì sílẹ̀. Mo san. Blind ńlá náà san, owó àárín di ₦4,050.

Ẹ wo háàtì 9 yẹn dáadáa kí ẹ tó gbára lé wọn. Káàdì 4 háàtì wà nínú wọn, 4 kílọ́ọ̀bù sì ti wà lórí tábìlì. Bí ẹnì kan bá mú 9 méjì tàbí 4 méjì dání, 4 háàtì á sọ mí di ẹni tó ní flush, á sì sọ òun di ẹni tó ní full house (mẹ́ta kan náà pẹ̀lú méjì kan náà) tàbí mẹ́rin kan náà, tí méjèèjì ju flush lọ. Èyí ni káàdì tó ń gbówó jù lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta flush, nítorí kò sí ẹni tó máa ń ju éèsì flush sílẹ̀. Mo máa ń ka 8 nígbà tí mo bá fura sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Éèsì mẹ́ta tó kù nínú páálí náà lè ràn mí lọ́wọ́ bí ẹ̀gbọ́n bá ní kíǹgì kan ṣoṣo, tí káàdì tí mo ń wá á fi di 12. N kò fi wọ́n sínú ìṣirò owó. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí n kò fi kún ₦800 yẹn? Ẹni tó bá fi kún owó nígbà tí flush rẹ̀ kò tíì pé ń wá ọ̀nà méjì láti jẹ: kí àwọn yòókù jù sílẹ̀, tàbí kí háàtì bọ́. Bí mo bá gbé e lọ sí ₦2,800 láti jẹ ₦2,450, wọ́n gbọ́dọ̀ jù sílẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 53 nínú 100 kí ọ̀nà àkọ́kọ́ tó lè dá bùkátà rẹ̀ gbọ́. Háàtì á dín iye yẹn kù, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà àkọ́kọ́ ti dí. Lórí tábìlì tí àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rù, mo máa fi kún un láìwẹ̀yìn. Ibòmíràn tí mo ti máa ń fi kún un ni ìgbà tí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bá fi owó kékeré lélẹ̀, bíi ₦300. Bí mo bá gbé e lọ sí ₦1,000, wọ́n sábà máa ń lu tábìlì fún mi lórí turn; èmi náà á lù ú, river á sì bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Turn: 2 sípéèdì. Kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ba 2 háàtì jẹ́ bí 4 háàtì ṣe bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá ní mẹ́ta kan náà, háàtì tó mọ́ ku 7.

Blind ńlá lu tábìlì. Ẹ̀gbọ́n fi ₦1,500 lélẹ̀, owó àárín di ₦5,550. 37 lòdì, 9 gbè mí, ìyẹn 4.1 sí 1. Fún ₦1,500 ó yẹ kí n jẹ nǹkan bí ₦6,170. Ó ku ₦620. Níbi tí wọ́n bá ti ń yọ owó ilé fún epo jẹnẹrétọ̀ àti omi tútù, kí a sọ pé 5 nínú 100, ₦620 yẹn á lé ní ₦1,000, torí náà ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ṣírò. Owó ilé kéré lójú, àmọ́ lórí tábìlì kékeré òun ló ń pinnu ọ̀pọ̀ ìgbà tó yẹ ká san àti èyí tí kò yẹ. Bí mo bá tilẹ̀ ka 7 péré, ohun tó kù jẹ́ nǹkan bí ₦2,800 ká tó yọ owó ilé, ẹ̀gbọ́n á sì ṣì ní ₦7,200. Mo san. Blind ńlá jáde. Owó àárín jẹ́ ₦7,050.

Ká ní ẹ̀gbọ́n fi gbogbo iye owó àárín lélẹ̀, ìyẹn ₦4,050, ọ̀rọ̀ á yí padà. Mo nílò nǹkan bí ₦16,650 fún owó yẹn, ₦8,100 ló máa wà níbẹ̀, ₦4,650 péré ló sì máa kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó tilẹ̀ san gbogbo rẹ̀, kò tó. Mo máa jù ú sílẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, éèsì ni o, kíǹgì ni o.

River: 6 háàtì. Tábìlì kò ní káàdì méjì tó jọra, kò sì sí bí káàdì márùn-ún háàtì ṣe lè tò tẹ̀léra wọn níbẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó ju tèmi lọ. Ẹ̀gbọ́n lu tábìlì.

Ibí ni ₦620 yẹn ti gbọ́dọ̀ padà wá pẹ̀lú èrè. Àwọn kan máa ń fi ₦1,500 lélẹ̀ níbí kí wọ́n má bàa lé ẹni tó fẹ́ san lọ, wọ́n á sì sọ gbogbo ìṣirò tí wọ́n ti ṣe láti flop di asán. Ẹni tó ní kíǹgì tó sì ti san títí dé ibí fẹ́ rí ọwọ́ mi. Mo fi ₦5,000 lélẹ̀, nǹkan bí 70 nínú 100 owó àárín. Ó wò mí, ó ní, “Àbúrò, o tún ti mú un.” Ó san. Kíǹgì àti kúìnì ló ní. Owó àárín jẹ́ ₦17,050.

Ká ní river kọ̀, tí ó sì lu tábìlì, èmi náà á lù ú. Láti fi ₦3,500 dẹ́rù bà á lórí ₦7,050, ó gbọ́dọ̀ jù sílẹ̀ ní ìgbà 33 nínú 100. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Flush kékeré kò gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú yìí. Bó bá jẹ́ 6 àti 5 háàtì ni mo ní pẹ̀lú ẹni méjì, háàtì tí mo ń wá lè jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn náà ń wá, owó tí mo rò pé mo máa gbà lórí river sì lè jẹ́ èyí tí mo máa san. N kò fi owó ẹ̀yìn kún ìṣirò nígbà bẹ́ẹ̀: tí iye tó wà lórí tábìlì kò bá tó fúnra rẹ̀, mo ń jáde. Bí háàtì kẹrin bá wá yọ sí orí tábìlì, n kì í san owó ńlá.

Ibi tí a jókòó sí náà ń yí iye padà. Ká ní blind ńlá ni mo wà pẹ̀lú éèsì àti 7 yẹn, ẹ̀gbọ́n á máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ó sì lè lu tábìlì lórí river kó má san kọ́bọ̀. Nítorí náà, mo máa san ìlàjì owó àárín lórí flop, n kò ní san ju ìlàjì lọ lórí turn. Bí háàtì bá sì bọ́, n kò ní lu tábìlì kí n máa retí pé á fi owó lélẹ̀ fún mi. Èmi fúnra mi ni mo máa kọ́kọ́ fi ₦5,000 yẹn síwájú.