Bí A Ṣe Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ilé Gbohùn Sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwàásù, ewì tàbí orin sílẹ̀ nílé, kó má sáré ra máìkì olówó gọbọi. Yàrá ni kó kọ́kọ́ wò. Máìkì tó dáa máa ń gbọ́ fáànù, adìyẹ ẹ̀yìnkùlé àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kedere ju èyí tí kò dáa lọ.

Ẹ dúró sáàárín yàrá, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó dún dáadáa. Bí ìró rẹ̀ bá ń ta padà bí ẹni pé inú kànga lẹ wà, ògiri lásán àti táìsì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Páálọ̀ ló sábà máa ń burú jù. Yàrá tí a ń sùn, tó ní bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnnì tó nípọn àti aṣọ rẹpẹtẹ, ló dáa jù. Ẹ wá bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tó wúwo, ẹ lè rí wọn ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, kí ẹ fi kọ́ sẹ́yìn ẹni tó máa sọ̀rọ̀, nítorí apá ibẹ̀ ni máìkì kọjú sí. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò dá ariwo ìta dúró rárá. Aáyán ló ń pè wọlé.

Òjò tún wà ńbẹ̀. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, nígbà tó bá ń rọ̀ sórí páànù, kò sí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó lè gbà yín. Ẹ dá iṣẹ́ dúró. Láàárín aago kan sí mẹ́rin òru ni àdúgbò máa ń parọ́rọ́ jù, kí àkùkọ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tó pe ìrun àsùbáà.

Lẹ́yìn yàrá, iná ló kàn. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohun kan tó ń dún "hùùùn" lábẹ́ ohùn, iná ló sábà máa ń fà á. Ní Nàìjíríà, 50 Hz ni iná wa, ìyẹn ni pé ó ń mì nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdí nìyẹn tí hùùùn náà fi máa ń bọ́ sí 50 tàbí 100 Hz. Ìnfátà tí kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ kì í yọ̀ geere, máa ń fi ìró tirẹ̀ kún un, á máa kùn bí oyin. Ẹ yọ ṣájà láápù. Bí ariwo náà bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú ọ̀daràn. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ fi òun àti súpíkà sójú ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan náà. Ẹ má fa iná ọ̀kan láti yàrá kejì.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò le. RAM 8 GB àti SSD ti tó. Lórí Windows, ẹ pa Wi-Fi àti Bluetooth, kí ẹ sì wo abẹ́ Privacy nínú Settings bóyá ẹ ti gba Microphone láyè. Bí ìyẹn bá wà ní pípa, ìlà ohùn á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ó sì máa rò pé máìkì ti bàjẹ́.

Máìkì tó lágbára kì í sábà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tààrà. Àpótí kékeré tí àwọn olórin ń pè ní audio interface ló wà láàárín wọn. Máìkì condenser, ìyẹn irú èyí tí kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná, nílò 48V tí àpótí yìí ń rán gba inú wáyà máìkì tí wọ́n ń pè ní XLR, nítorí náà, bí ẹ bá kì í sínú ihò hẹ́dífóònù láápù, yóò dákẹ́ lọ gbári. Ẹ yí gain, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń pinnu bí ohùn ṣe máa lágbára tó, sílẹ̀ pátápátá, ẹ so máìkì, ẹ tẹ 48V, kí ẹ dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ máa gbé gain sókè. Ẹni tó bá so máìkì nígbà tí 48V ti wà lórí rẹ̀, súpíkà á gbá gbàù. Ẹ so àpótí náà mọ́ ihò USB kọ̀ǹpútà gan-an, kì í ṣe mọ́ hub tó ń pín ihò USB kan sí púpọ̀.

Ẹ tún nílò ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Audacity jẹ́ ọ̀fẹ́. Reaper máa ń fún yín ní 60 ọjọ́ láti dán an wò. Ẹ fi wọ́n sí 48,000 Hz (iye ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) àti 24-bit (bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́n kúnná tó), kí ẹ sì rí i pé Windows wà lórí nọ́ńbà kan náà. Nínú Reaper, ẹ lo ASIO, ètò kékeré tó ń mú kí ohùn tètè wọlé, èyí tó bá àpótí yín wá. Buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó rán an lọ, dáa ní 128 nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn. Bí ohùn bá ń ta pàpà-pàpà, ẹ gbé e sí 256. Ìdádúró tí ìyẹn ń fà kò ju bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, etí kò ní mọ̀. Bí ẹ bá gbé e dé 1024, akọrin á máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọrin tán, á sì máa ṣìnà.

Ibi tí gain ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìlù. Ẹ sọ fún onígángan pé kó lù ú bó ṣe máa lù ú lóde ijó gan-an, nítorí ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń dán an wò, bí eré bá sì gbóná, ọ̀pá á sọ̀kò sí awọ. Góńgó ìlà ohùn tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, kó wà láàárín -12 sí -6 dB. Tó bá ti kan 0, ohùn ti fọ́, kò sí àtúnṣe. Ẹ gbé máìkì jìnnà sí ìlù ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta. Fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀, fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ tí ìka rẹ̀ ya sílẹ̀ ti tó. Kí máìkì yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, kí afẹ́fẹ́ "fún" àti "fọ́" má baà lù ú. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó tínrín, tí a nà sórí wáyà hángà, ń bá wa dí i.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wọlé, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ pẹ̀lú ohùn tó lọ sókè. Gbogbo ohun tó ń bọ̀ wá dà yín láàmú ti wà níbẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́, nítorí Noise Reduction, irinṣẹ́ tó ń yọ ariwo nínú Audacity, máa nílò rẹ̀.

WAV ni kí ẹ fi pamọ́, kì í ṣe MP3. MP3 ti gé lára ohùn kó lè kéré, fífi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló wà fún. Wákàtí kan ohùn ẹnìkan ní 24-bit máa gba nǹkan bíi 518 MB. Ẹ máa tẹ Save lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, nítorí iná lè lọ nígbàkigbà, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú hard disk mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó sùn.