Bí mo ṣe yan irinṣẹ́ tí mo fi tò firewall Linux mi

Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ló wà lára ẹ̀rọ tí mo fi ṣe ẹnu ọ̀nà àti firewall (asọ́nà tó ń pinnu ohun tó lè wọlé tàbí jáde): ọ̀kan kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì, èkejì kọjú sí àwọn kọ̀ǹpútà tó wà nínú. Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dà Linux, ni mo fi sí i. Kò ní mọ́nítọ̀, SSH, ìyẹn ọ̀nà àtiwọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, nìkan ni mo fi ń wọ̀ ọ́. Irinṣẹ́ tó bá lè tilẹ̀kùn mọ́ mi síta, tí kò sì sí ọ̀nà àbọ̀, kò wúlò fún mi, bó ti wù kó rọrùn tó.

Netfilter, inú kernel (ọkàn Linux), ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Ọ̀nà tí à ń gbà bá a sọ̀rọ̀ ni ìyókù, nítorí náà mi ò wo èwo ló lágbára jù. Èyí tí mo lè ka ohun tó kọ ni mo ń wá.

Mo gbé ufw yẹ̀ wò. `ufw allow 22/tcp` (port 22 ni ilẹ̀kùn SSH), ó tán! Fún server tó dá dúró, mi ò ní wá òmíràn. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣe NAT, ìyẹn kó fi àdírẹ́sì ìta kan ṣojú fún gbogbo kọ̀ǹpútà inú, ibẹ̀ ni ufw sì ti ní kí n lọ fọwọ́ ara mi kọ òfin sínú `/etc/ufw/before.rules`. Bó bá jẹ́ pé èmi náà ni n ó kọ ọ́, kí ni mo wá ń wá alágbàtà fún?

Ti firewalld sàn díẹ̀, torí àṣẹ kan péré ni masquerade (irú NAT yẹn) níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí kò bá ní `--permanent` yóò lọ bí ẹ̀rọ bá tún tan, èyí tó sì ní i kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ bá ṣe `--reload`. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kò fẹ́ òfin tó wà níbi méjì. Fáìlì Shorewall dùn-ún kà, àmọ́ iptables, irinṣẹ́ àtijọ́ fún Netfilter, ló ń kọ fún, Debian sì ti fi nftables, arọ́pò rẹ̀, ṣe ìpìlẹ̀ láti ẹ̀dà 10, ní 2019.

Mo mú nftables fúnra rẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ni, `/etc/nftables.conf`, `flush ruleset`, tó ń pa gbogbo òfin tó wà rẹ́, ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ìlà kan bá ní àṣìṣe, kò sí ìkankan tí yóò wọlé, ti àtijọ́ ló máa wà níbẹ̀. `nft -c -f` á sì yẹ̀ ẹ́ wò láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Àmọ́ òfin tí kò ní àṣìṣe ṣì lè ti port 22 pa. Torí náà, mo kó òfin àtijọ́ pamọ́, mo sì kọ `flush ruleset` sí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀, kí n tó ta aago yìí, tí yóò dá òfin àtijọ́ padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì:

`systemd-run --unit=padabo --on-active=2min /usr/sbin/nft -f /root/atijo.nft`

Ìgbà náà ni mo wá fi òfin tuntun wọlé. Ẹ má wo tẹ́mínà tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ o: `ct state established,related accept`, òfin tó ń jẹ́ kí ìsopọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ máa lọ, lè máa gbé ìyẹn ró nígbà tí ilẹ̀kùn ti tì. Tẹ́mínà tuntun ni mo ṣí, SSH wọlé, mo sì yára pa aago náà:

`systemctl stop padabo.timer`

Ó ku `net.ipv4.ip_forward=1` nínú sysctl (ètò kernel), tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbé dátà láti káàdì kan sí èkejì, torí nft kì í bá ni tan ìyẹn, àti `systemctl enable nftables`. Debian kì í tan service yẹn fúnra rẹ̀, bí ẹ kò bá sì ṣe é, ẹ̀rọ yóò tún tan láìní òfin kankan.