Dọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn: àwọn àṣìṣe tí ẹ̀yin tó ń kọ́ C ń tún ṣe léraléra

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé laptop rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Under-G. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti pààrọ̀ RAM, síbẹ̀ program mi ṣì ń kú." Mo bi í pé èló ló fi ra RAM. Ó ní ₦18,000, pé owó oúnjẹ oṣù náà wà nínú rẹ̀. Mo ní kó ṣí code rẹ̀ kí n wò ó. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi rí i: function tó fi ń kọ log (àkọsílẹ̀ ohun tí program ń ṣe) ni kò ní va_copy, èyí tí mo máa ṣàlàyé níwájú. RAM tó yọ kúrò ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé kì í ṣe òun àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Mo gbà pé ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ function nínú C, ẹ sì ti fojú kan stdarg.h rí. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé níbi tí ẹ bá ti kọ dọ́ọ̀tì mẹ́ta (...), ìyẹn àmì pé function lè gba iye ohun tó bá wù ú, compiler ti yọwọ́yọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ iye ohun tó ń bọ̀ àti irú ohun tó jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ẹrù rán dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ níbí pé kó bá òun gbé e dé Ìlọrin. Dẹ́rẹ́bà kì í tú àpò wò. Ẹni tó máa gbà á lọ́hùn-ún ló gbọ́dọ̀ mọ iye àpò tó ń retí àti ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá sọ fún un pé mẹ́rin ni, tó sì jẹ́ mẹ́ta la gbé sọ́kọ̀, àpò ẹlòmíràn ni yóò gbé rù. Nínú function yín, ap (irú rẹ̀ ni va_list) ló ń rántí ibi tí ẹ kà dé: va_start ló ń gbé e sí ìbẹ̀rẹ̀, va_arg ló ń mú ẹrù kọ̀ọ̀kan, va_copy ló ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, va_end ló ń parí rẹ̀.

Èkínní, kò sẹ́ni tó ń bá yín ka ẹrù. Mo ti rí ẹni tó ń fi sizeof wá iye rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí int, tàbí kí ẹ ní format bíi ti printf, tàbí kí ẹ fi àmì òpin sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá máa lo àmì òpin, ẹ má fi 0 parí máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ẹnìkan lè gba òdo lóòótọ́. Bí ó bá sì jẹ́ NULL lẹ fẹ́ fi parí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ tán pátápátá: (char *)NULL. Òfin C gba NULL láyè láti jẹ́ 0 lásán, 0 yẹn sì jẹ́ int, báìtì 4 lórí ẹ̀rọ tí pointer rẹ̀ jẹ́ báìtì 8. Bí wọ́n ṣe ń parí execl, function tó ń gbé program mìíràn dìde, gan-an nìyẹn.

Èkejì, va_arg(ap, char) àti va_arg(ap, float). Ẹ má kọ ọ́ láé. Ohunkóhun tó bá gba inú dọ́ọ̀tì mẹ́ta kọjá, char àti short ti di int, float ti di double kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Int ni kí ẹ béèrè, double ni kí ẹ béèrè. Compiler GCC máa ń kìlọ̀ fún yín lórí èyí, ó tiẹ̀ máa ń sọ fún yín pé program yóò dáwọ́ dúró tó bá dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kì í ka ìkìlọ̀.

Ẹ̀kẹta, òdìkejì rẹ̀. Ẹ kọ function tó ń wá average, ẹ ní va_arg(ap, double), ẹ wá pè é báyìí:

average(3, 60, 72, 55)

Nínú function lásán, compiler yóò sọ 60 di 60.0 fún yín, nítorí pé ó rí irú tí ẹ kọ sórí rẹ̀. Nínú dọ́ọ̀tì mẹ́ta, kò rí nǹkan kan. Lórí Linux x86-64, register (àyè kékeré inú CPU) ọ̀tọ̀ ni int ń gbà kọjá, ọ̀tọ̀ ni double ń gbà. Function yín á lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò gbà kọjá, ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa kó wá fún yín. Ẹ kọ 60.0, 72.0, 55.0.

Ẹ má gbàgbé va_end, inú function tí ẹ ti pe va_start náà ni kó wà.

Orúkọ tó kẹ́yìn ṣáájú dọ́ọ̀tì, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ char, short, float tàbí array. Bí ẹ bá ń lo C23, ẹ̀yà òfin C tó jáde ní 2024, va_start ò béèrè orúkọ yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n compiler tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ yín ti dàgbà ju ìyẹn lọ.

Ẹ má fi ap ránṣẹ́ sí printf. Vprintf ló mọ ohun tó máa fi ap ṣe.

Ó wá ku èyí tó ń dùn mí jù, èyí tó jẹ owó ọmọkùnrin yẹn.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kọ program rìsíìtì fún bàbá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Lórí laptop mi àtijọ́, 32-bit, ó ṣiṣẹ́ fún odidi oṣù mẹ́ta láìkọsẹ̀. Ọjọ́ tí a gbé e sórí kọ̀ǹpútà tuntun tí bàbá rà, Linux 64-bit, ibi tó yẹ kí orúkọ oníbàárà wà, jágbajàgba ló ń tẹ̀ jáde. Bí kò bá tẹ jágbajàgba, á kú. Mo sọ fún bàbá pé hard disk ló bàjẹ́. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n kówó sílẹ̀, mo lọ ra òmíràn ní Ìbàdàn, mo fi sí i, ó sì tún kú lójú àwa méjèèjì. Ọdún náà ò tíì parí tí mo fi dá owó wọn padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń pe vsnprintf, ìbátan printf tó ń gba ap, tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ sínú memory: àkọ́kọ́ láti mọ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe gùn tó, ẹ̀ẹ̀kejì láti kọ ọ́ sínú àyè tí malloc fún mi. Ap kan náà ni mo fi pè é lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lórí ẹ̀rọ 32-bit mi, va_list jẹ́ pointer lásán. Ẹ̀dà rẹ̀ ni vsnprintf gbà, ẹ̀dà yẹn ló fi rìn dé òpin, tèmi sì dúró síbi tó wà. Lórí Linux x86-64, va_list jẹ́ array tó ní struct kan ṣoṣo nínú, array kì í sì í lọ ní ẹ̀dà nínú C, àdírẹ́sì rẹ̀ là ń fi ránṣẹ́. Bí vsnprintf ṣe ń kó ẹrù, ap tèmi gan-an ló ń tì síwájú. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, ibi tí àkọ́kọ́ parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé àpò ẹlòmíràn, ó ní orúkọ oníbàárà ni.

Òfin C kò fi í pa mọ́: bí ẹ bá ti fi ap fún function mìíràn tó kà á, ẹ kò gbọ́dọ̀ tún ka nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, va_end ló kù. C99 ti fún wa ní va_copy láti 1999. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

va_list ap, ap2;
va_start(ap, fmt);
va_copy(ap2, ap);
int n = vsnprintf(NULL, 0, fmt, ap);
va_end(ap);
char *p = n < 0 ? NULL : malloc(n + 1);
if (p) vsnprintf(p, n + 1, fmt, ap2);
va_end(ap2);

Ẹ wo va_end méjì, ọ̀kan fún ap, ọ̀kan fún ap2. Ẹ wo n + 1, nítorí báìtì òdo tó máa ń parí ọ̀rọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí láti kọ́ wọn ní C, sum(int n, ...) ni wọ́n máa ń fi hàn wọ́n, wọ́n á ro 1, 2, 3 pọ̀, ó di 6, ẹ̀kọ́ parí. Ta ló ń fi dọ́ọ̀tì mẹ́ta ro nọ́ńbà pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́? Bí gbogbo ẹrù bá jẹ́ irú kan náà, ẹ fi array àti iye rẹ̀ ránṣẹ́, compiler á sì máa ṣọ́ ọ fún yín. Ibi tí dọ́ọ̀tì mẹ́ta ti wúlò ni log, rìsíìtì, ọ̀rọ̀ àṣìṣe, ibẹ̀ gan-an sì ni va_copy ti ń di dandan. Ibẹ̀ ni wọn kì í dé. Ọmọ á wá máa ra dátà lóru, á máa da epo sí jẹnẹrétọ̀, á máa wá ohun tí wọn ò kọ́ ọ.

Bákan náà, ẹ má kọ printf(oro) nígbà tí oro bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá. Ẹ kọ printf("%s", oro). Ká ní oníbàárà tẹ "Ẹ̀dínwó 10% sìmẹ́ǹtì" wọlé: printf á rí ààmì % àti s tó tẹ̀ lé e, á wá máa wá ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìkà á fi %n sí i, kó lè kọ nǹkan sínú memory yín.

Bí ẹ bá ń kọ log tiyín, ẹ fi èyí sórí rẹ̀:

__attribute__((format(printf, 1, 2)))
void log_ro(const char *fmt, ...);

1 ni ipò fmt, 2 ni ibi tí dọ́ọ̀tì ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá fi -Wall kọ́ ọ, GCC àti Clang á máa yẹ ẹrù yín wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ti printf wò. Bí GCC yín bá jẹ́ 13 sókè, ẹ fi -fanalyzer kún un, ó ń rí va_list tí a kò pa dé àti èyí tí ẹrù rẹ̀ ti tán.

Ọmọkùnrin yẹn fi ìlà mẹ́ta kún code rẹ̀ níwájú mi. Program náà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù. RAM àtijọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá dúdú nínú báàgì rẹ̀. A jọ dá a padà sáyè rẹ̀, ó sì gbé tuntun náà padà lọ bá ẹni tó tà á fún un, bóyá wọ́n á gbà á.