Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àyẹ̀wò àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́: ẹ má ṣèdájọ́ ohun tí kò tíì dé kíláàsì

Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tọ́ka sí bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní oṣù Kẹsàn-án 2023 kò ní ṣe WAEC kó tó di 2035. Àwọn tó ṣe é ní 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà náà tó jáde. Èsì wọn kò lè gbè é, kò sì lè dá a lẹ́bi. Àṣìṣe yìí ló burú jù.

Nítorí náà, bí wọ́n bá rán yín lọ yẹ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wò ní Òṣogbo, ẹ má tíì bèèrè bóyá ọmọ mọ̀wé sí i. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá olùkọ́ ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ilé-ìwé kò tó, lẹ́tà ìjọba tó wà nínú fáìlì kò sì tó. Ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin. Ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ẹ sàmì sí èdè tó wà lẹ́nu olùkọ́: Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tàbí àdàlù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù, ẹ wo ìwé iṣẹ́ ọmọ, ẹ wo ìbéèrè ìdánwò. Ẹnu lè máa sọ Yorùbá kí bọ́ọ̀dù àti ìdánwò jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ti sọ òtítọ́ nù. Ẹ má sì gbára lé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá wò, torí olùkọ́ á fẹ́ ṣe dáadáa lójú àlejò. Ẹ wo mẹ́ta.

Ẹ má ka iye ìwé nínú ọ́fíìsì. Ìwé tí ìjọba kó wá lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, kó má baà ya. Èyí tó wà níwájú ọmọ ni kí ẹ kà, kí ẹ sì ṣí i. Ìwé tí wọ́n ń lò máa ń ní àmì ìka, etí rẹ̀ á sì ti ká. Ẹ ka orí ọmọ fúnra yín pẹ̀lú, ẹ má da iye inú rẹ́jísítà kọ. Ìlànà orílẹ̀-èdè fi ọmọ 35 sábẹ́ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bá 70, ẹ má kọ ọ́ pé olùkọ́ kọ̀ láti yí ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ padà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín yan ilé-ìwé. Àwọn tó wà létí títì ọlọ́dà ni wọ́n á mú yín lọ. Ẹ gba orúkọ gbogbo ilé-ìwé ìjọba tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rùndá, ẹ ya ti ìgboro sọ́tọ̀ sí ti eréko, kí ẹ wá ṣẹ́ gègé. Bí ẹ bá bá ilẹ̀kùn ní títì, ẹ má fi ilé-ìwé tó múlé gbè é rọ́pò rẹ̀. Ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ilẹ̀kùn títì yẹn gan-an jẹ́ èsì. Ní àdúgbò bíi Sábó, ẹ bèèrè èdè tí ọmọ ń sọ nílé kí ẹ tó pe Yorùbá ní èdè abínibí rẹ̀.

Àárín sáà ló dára jù láti lọ, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Ní Ọ̀ṣun, ẹ ṣọ́ra fún rẹ́jísítà àtijọ́. Láti 2012 ni wọ́n ti pín ilé-ìwé ìjọba sí kíláàsì 1 sí 4, 5 sí 9, àti 10 sí 12, kí wọ́n tó padà sí 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta girama kékeré, mẹ́ta girama àgbà, mẹ́rin yunifásítì) ní 2020. Ẹni tó bá fi iye ọmọ ilé-ìwé kan ní 2015 wé ti 2022 láìṣàlàyé èyí ń fi ọsàn wé àgbàdo.

Àwọn kan á sì tọ́ka sí iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwé, wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ní kíláàsì mìíràn tí wọ́n ń fi wọ́n wé. Kí ẹ tó fi ilé-ìwé kan ní Òṣogbo wé wọn, ẹ kọ síwájú orúkọ rẹ̀ èyí tó ní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti èyí tí kò ní.