Bí mo ṣe sọ koríko orí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ di ajílẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì

Koríko tó máa ń bo ojú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nígbà òjò, èyí tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ni mo fi ṣe ajílẹ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Water hyacinth ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Kì í ṣe òjú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà. Àlejò ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ rẹ̀, ọdún 1984 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i lórí omi Nàìjíríà, nígbà tó gba ojú omi Àjàṣẹ́ tí à ń pè ní Porto-Novo wọ Àgbádárìgì.

Kò fẹ́ràn iyọ̀. Ìdí nìyí tó fi máa ń kú lápá Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun bá wọ inú ọ̀sà. Omi Ẹ̀pẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, nítorí náà ó máa ń pẹ́ níbẹ̀. Bí àyè bá gbà á, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Á dí ọ̀nà ọkọ̀, á lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, á wọ́ àwọ̀n apẹja lọ. Ibi tó bá sì bò pátápátá, ẹja abẹ́ rẹ̀ kì í rí atẹ́gùn tó mọ́. Ohun tó ń bọ́ ọ ni ajílẹ̀ tí òjò fọ̀ kúrò lóko àti ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ tó ń ṣàn wọ odò. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ló jẹ tó fi sanra. Ìdí tí mo fi gbà pé oko ló yẹ kó padà sí nìyẹn.

Mo sì gbà pé yunifásítì ló yẹ kó ṣáájú iṣẹ́ yìí. Apẹja lè fa koríko kúrò, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí yóò fi mọ iye òjé, irin olóró, tó wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ lè dà á sóko, ṣùgbọ́n bí èso inú rẹ̀ bá hù, oko rẹ̀ ló bàjẹ́. Yunifásítì ní yàrá àyẹ̀wò, ó ní ilẹ̀, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí ṣe, ó sì ní ìwé àkọsílẹ̀ tí kì í parẹ́ bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì. Ẹ̀pẹ́ kò ṣaláìní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, wà níbẹ̀, Augustine University sì wà ní Ìlárá.

Ibi tí òkìtì tí koríko náà yóò ti jẹrà di ajílẹ̀ yóò wà ni mo kọ́kọ́ mú. Mo yan ilẹ̀ tó ga díẹ̀, tó jìn sí kànga tó 30 mítà, nítorí omi kò jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́. Mo fi páànù bo orí rẹ̀. Láti oṣù kẹfà sí ìkeje, òjò ibẹ̀ kì í jẹ́ kí òkìtì tí kò ní òrùlé gbóná, omi dúdú á sì máa ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀. Omi dúdú yẹn, oúnjẹ ọ̀gbìn ló ń sá lọ. Mo gbẹ́ kòtò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó rẹlẹ̀ kí ó lè máa gbà á, mo sì ń bù ú padà sórí òkìtì.

Lórí omi, réèkì ni a fi ń fa koríko náà sínú ọkọ̀, a kì í fi àdá gé e. Ẹ̀ka kékeré kan tó bá já bọ́ padà lè di igbó mìíràn. Bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀: ejò máa ń wà nínú rẹ̀, ìgbín omi tó ń gbé kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ náà sì fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀. Ó dára kí ó tó yọ òdòdó ni ká fà á, nítorí tí èso rẹ̀ bá ti bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù.

Nígbà tó dé orí kọnkéré, gbòǹgbò ni mo kọ́kọ́ gé sọnù. Koríko yìí máa ń fa òjé, cadmium àti irú àwọn irin olóró bẹ́ẹ̀ láti inú omi, inú gbòǹgbò ló sì máa ń kó púpọ̀ jù sí. Odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́, gbogbo wa la sì mọ ariwo tó ti tẹ̀lé àwọn awa-góòlù lókè odò náà. N kò lè fojú rí irin nínú ewé, nítorí náà gbòǹgbò kò wọ òkìtì mi rárá. Mo sá wọn títí wọ́n fi gbẹ pátápátá, mo sì kó wọn lọ síbi ìdalẹ̀sí, jìnnà sí oko àti sí omi.

Ewé àti igi rẹ̀ ni mo gé sí nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5. Bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, á lọ́ mọ́ra wọn tí a bá ń yí i. Nínú 100 kílò koríko tútù, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 95. Ibí yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́: wọ́n á kó o jọ ní tútù, láàárín ọjọ́ mélòó kan á ti di ẹrẹ̀ tó ń rùn. Mo tẹ́ ẹ sínú oòrùn, mo ń yí i, títí ó fi rọ tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, tí a bá fún un tí omi kò kán mọ́.

Ohun méjì ni mo fi kún un: ìgbẹ́ adìyẹ àti ìyẹ̀fun pákó. Ìgbẹ́ adìyẹ ní náítírójìn púpọ̀, òun ni ó ń mú kí òkìtì gbóná. Káábọ́ọ̀nù ló kún inú ìyẹ̀fun pákó, ó ń mu omi, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn tó ń jẹ òkìtì náà fẹ́ káábọ́ọ̀nù 25 sí 30 sí náítírójìn 1. Mo ṣírò rẹ̀, ìwọ̀n tó bọ́ sí i ni korobá 10 koríko tó ti rọ, korobá 1 ìgbẹ́ adìyẹ, àti korobá 3 ìyẹ̀fun pákó, korobá kan náà ni fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹ̀fun yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti igi lásán láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Èyí tó wá láti ara pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa, ẹ má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ.

Ìfun ẹja láti Ọjà Olúwo, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, náà lè wọ̀ ọ́, ó lágbára, ṣùgbọ́n ajá àti eṣinṣin á máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ti mọ òkìtì í mú ni mo lè gbà á níyànjú fún, àárín gbùngbùn ni kó sì máa rì í sí.

Mo to imọ̀ ọ̀pẹ àti igi ẹ̀gẹ́ sí ìsàlẹ̀, ó ga tó sẹ̀ntímítà 20, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ wọlé. Mo po ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ dáadáa kí n tó kó wọn lé e. Títò ní ìpele-ìpele dùn ún wò lójú, àmọ́ ibi tí ìgbẹ́ adìyẹ bá dá wà, ó ń sun náítírójìn sọ́run ni. Òkìtì náà fẹ̀ ní mítà 1.5, ó ga ní mítà 1.3, ó gùn ní mítà 3. Èyí tó bá kéré sí mítà 1 lọ́nà gbogbo kì í lè pa ooru mọ́. Bí mo ṣe ń kó o, mo ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo ń fún un: bí omi bá kán lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ó tó, bó bá ń ṣàn, ìyẹ̀fun pákó ló kù, bí kò bá kán rárá tó sì fọ́nká, omi ló ń fẹ́. Tàpólì ni mo fi bo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó kan ilẹ̀.

Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, inú òkìtì gbọ́dọ̀ kọjá dígírì 55 (Celsius). Tẹmọ́mítà onírin gígùn ni mo ń tì bọ̀ ọ́, ní ibi mẹ́ta, kì í ṣe ibì kan. Ẹni tí kò ní i lè ti ọ̀pá irin bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bó bá fà á yọ tí kò lè dì í mú pẹ́, ooru náà ti dé ibi tó yẹ. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ 55 ni pé ooru yìí ló ń pa èso koríko àti kòkòrò àrùn inú ìgbẹ́ adìyẹ. Òfin tí mo tẹ̀ lé ni kí ooru wà ní 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ 15, kí a sì yí òkìtì náà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín àkókò yẹn, kí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn lè wọ àárín. Bó bá ń sún mọ́ 70, mo yí i lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ fún wa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Imú ló máa ń kọ́kọ́ sọ bí nǹkan kò bá lọ dáadáa. Òórùn tó ń ta ní imú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ túmọ̀ sí pé ìgbẹ́ adìyẹ pọ̀ jù. Fi ìyẹ̀fun pákó sí i. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ túmọ̀ sí pé omi ti dí ọ̀nà atẹ́gùn. Tú u palẹ̀, jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn, kó o jọ padà pẹ̀lú ohun gbígbẹ. Bí kò bá rùn tí kò sì gbóná, ó lè jẹ́ pé ó gbẹ, tàbí ó kéré, tàbí náítírójìn rẹ̀ kò tó. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí o fún un wò, kí o tó pinnu. Ẹ̀rọ̀ tí àwọn kan ń lò, pé kí wọ́n da yúríà, ajílẹ̀ ilé iṣẹ́, sí i, yára lóòótọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ 15 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti yí i. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ooru kì í padà wá mọ́ bí a tilẹ̀ yí i, òkìtì á sì ti dín kù tó ìdajì. Kò tíì ṣeé lò nígbà yẹn. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i kó balẹ̀. Kọ́ńpóòsì, ìyẹn ajílẹ̀ inú òkìtì yìí, tí kò bá tíì balẹ̀ máa ń bá irúgbìn du náítírójìn, ewé á pọ́n, àgbẹ̀ á sì rò pé wọ́n tan òun ni.

Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Mo gbin hóró tẹ̀tẹ̀ 10 sínú àdàpọ̀ kọ́ńpóòsì àti ilẹ̀ ní ìdajì-ìdajì, mo gbin 10 mìíràn sínú ilẹ̀ nìkan. Bí ti kọ́ńpóòsì kò bá hù tó ti ilẹ̀, mo dúró ọ̀sẹ̀ méjì sí i. N kò lo ewédú fún ìdánwò yìí, nítorí hóró rẹ̀ máa ń sùn àyàfi bí a bá fi omi gbígbóná jí i, a kò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Nínú yàrá àyẹ̀wò, mo bu díẹ̀díẹ̀ láti ibi mẹ́wàá lára òkìtì, mo pò ó pọ̀, wọ́n sì wọn pH rẹ̀ (ìyẹn bó ṣe kan sí), iyọ̀ rẹ̀, òjé àti cadmium. pH tó wà láàárín 6.5 sí 8 dára. Ìgbẹ́ adìyẹ lè mú kí iyọ̀ pọ̀. Bó bá kọjá 4 dS/m, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀, mo máa ń fi ilẹ̀ púpọ̀ pò ó kó tó kan ewébẹ̀. Èsì irin ni kò ní àdéhùn. Bó bá ga, òkìtì yẹn kò dé oko oúnjẹ. Ìdí òdòdó àti igi ìbòji inú ọgbà ló ń lọ.

Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2022 ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí kò jìnnà sí wa. Wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣe mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún. Nínú 100 kílò yúríà, 46 ni náítírójìn. Kọ́ńpóòsì kì í ju 1 sí 2 lọ. Ẹni tó bá sọ fún àgbẹ̀ pé kọ́ńpóòsì lè gba ipò yúríà kò sọ òótọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ oníyanrìn tó pọ̀ lágbègbè wa kì í di nǹkan mú. Òjò ńlá kan lè fọ yúríà lọ sínú ọ̀sà, koríko orí omi á sì tún jẹ ẹ́. Kọ́ńpóòsì ló ń fún ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lágbára láti di omi àti oúnjẹ mú. Kílò 1 sí mítà kan níbùú àti lóròó, ìyẹn kílò 10 fún bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà 1 tó gùn ní mítà 10, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú gbígbìn, ni mo ń sọ fún àwọn ìyá oníṣọkọ. Mo sì ní kí wọ́n pín yúríà wọn sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n sì fi sí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìwé òkìtì ṣe pàtàkì tó òkìtì fúnra rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọjọ́, ooru ibi mẹ́ta, bí òjò bá rọ̀, òórùn, àti orúkọ ẹni tó yí i. Ibi tí wọ́n ti fa koríko náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí èsì òjé láti ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀sà kì í bá ti ẹ̀gbẹ́ kejì mu. Àkọsílẹ̀ yìí ni mo rí bí ohun tí yunifásítì lè gbé síwájú ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìpínlẹ̀: ibi tó yẹ kí wọ́n ti máa kó koríko fún oko, àti ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ó dùn mí pé wọ́n ń sun ewé gbígbẹ lẹ́yìn ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ewé yẹn lè dín ìyẹ̀fun pákó tí à ń wá kù. Èyí tí wọ́n bá sì kó lọ sí ààtàn ńlá, bó ṣe ń jẹrà lábẹ́ ìdọ̀tí láìrí atẹ́gùn, methane ló ń tú jáde, gáàsì tó ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 28.

Asẹ́ oníhò sẹ̀ntímítà 1 ni mo fi sẹ́ èyí tó ti jinná. Igi àti imọ̀ tí kò kọjá nínú asẹ́ padà sí ìsàlẹ̀ òkìtì tuntun. Àpò tó ń mí, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹ̀wà, ni mo ń di í sí, kì í ṣe ọ̀rá tí a dí lẹ́nu. Inú ọ̀rá, á tún máa rùn. Mo gbé àwọn àpò náà lé orí pákó lábẹ́ ìbòji, mo kọ ọjọ́ àti èsì àyẹ̀wò sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a lò ó láàárín oṣù mẹ́fà.