Bí Mo Ṣe Ṣírò Ibi Tí Agbára Ọkọ̀ Ojú Omi Parí Sí

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, MOL Comfort, ọkọ̀ akóǹténà tí gígùn rẹ̀ tó mítà 316, já sí méjì lórí Òkun Íńdíà láìkọ lu nǹkan kan. Páànù abẹ́ rẹ̀ ló kákò. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ló mú mi yan iṣẹ́ ìwádìí tí mo fi gboyè mástà.

Ọ̀nà tí olùwádìí kan tó ń jẹ́ Smith là sílẹ̀ ní 1977 láti ṣírò ibi tí agbára ọkọ̀ parí sí ni mo tẹ̀ lé. Ọkọ̀ tí mo sì fi dánra wò ni àwòṣe ọkọ̀ ogun tí olùwádìí mìíràn, Dow, gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1991: irin ni wọ́n fi kàn án, ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ọkọ̀ gidi, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi bàjẹ́. Mo ti ní ohun tí mo lè fi iṣẹ́ mi wé nìyẹn.

Mo gé ọkọ̀ náà láàárín nínú kọ̀ǹpútà bí ẹni gé búrẹ́dì, mo wá pín ojú ibi tí mo gé sí wẹ́wẹ́, ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú páànù tí wọ́n jó mọ́ ọn. Mo ní láti mọ bí ìkọ̀ọ̀kan yóò ṣe forí tì í tí a bá fún un pọ̀, àti ìgbà tí yóò kákò. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà o! Kò sí páànù ọkọ̀ tó tẹ́jú pérépéré. Iná tí wọ́n fi jó irin pọ̀ á ti wọ́ ọ, á sì ti há agbára kan mọ́ inú irin kí ọkọ̀ tó kan omi rárá. Wíwọ́ náà lè má ju mìlímítà mélòó kan lọ, síbẹ̀ òun ló gba àkókò mi jù.

Mo wá ń tẹ ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìgbì gbé orí àti ìdí rẹ̀ sókè tí àárín rẹ̀ rọ̀: dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn pèpéle òkè ọkọ̀, ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ ń fà. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, mo máa ń wá ìlà tí kò fà tí kò sì fún pọ̀. Bí dẹ́ẹ̀kì bá ti ń kákò, ìlà náà á máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fi í sójú kan ti ṣi ìṣirò ṣe.

Pẹ̀lú páànù títẹ́jú, agbára tí mo rí ju ti Dow lọ. Nígbà tí mo fi wíwọ́ kún un, ó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe é bíi pé irin ti dípẹtà: mo dín nínípọn dẹ́ẹ̀kì kù, agbára náà sì já wálẹ̀ ju ìgbà tí mo dín ti ìsàlẹ̀ lọ.