Mo fi benzoate sí sóbò mi, síbẹ̀ ó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àǹtí kan tó ń ta sóbò lápá Sábó ní Ìkòròdú ló kó àwọn ìbéèrè yìí fún mi, mo ní kí n dáhùn ẹ̀ síbi tí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe nǹkan mímu tà á ti rí i, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Mo máa ń fi sodium benzoate, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí nǹkan tètè bàjẹ́, sí sóbò mi, síbẹ̀ tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ike á ti wú, tí mo bá ṣí i á hó yàà bí ẹmu. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ bá oníkẹ́míkà jà ẹ jẹ́ ká wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é. Benzoate ò lè tún nǹkan tó ti dọ̀tí ṣe o, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí ìwúkàrà àtàwọn nǹkan tó ń mú oúnjẹ bu máa pọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá wá sè sóbò tán, tó tutù, tẹ́ ẹ wá lọ ọ̀pẹ̀yìnbó àti atalẹ̀ tútù dà sí i, ìwúkàrà tó wà lára èso yẹn lẹ fọwọ́ ara yín kó wọlé, wọ́n á sì pọ̀ ju ohun tí benzoate lè ká lọ́wọ́ kò. Gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jọ sè pọ̀ kó hó dáadáa, ọ̀pẹ̀yìnbó, atalẹ̀, kànáfùrù, ẹ má dá ọ̀kan sí. Ẹ tún wo ike yín. Àwọn ike tí wọ́n ṣà nílẹ̀, tí wọ́n fi omi ṣàn ṣàìṣàn, mi ò fara mọ́ ọn rárá, àti ìdérí, inú ìdérí yẹn ni ìdọ̀tí máa ń fara pa mọ́ sí jù. Sóbò tó sì ti ń hó bẹ́ẹ̀, ọtí ló ti ń dà yẹn, ẹ rántí pé àwọn kan ń fi ṣínu nígbà ààwẹ̀, ẹ dákun ẹ má tà á fún wọn, ẹ dà á nù.

Ìbéèrè: Ṣíbí ni mo fi ń bù ú, tí oòrùn bá mú mo máa ń fi kún un. Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ìdáhùn: Áà, ẹ má fi ṣíbí bù ú mọ́. Ẹ ra síkéèlì kékeré tó ń ka gíráàmù. Ní Amẹ́ríkà, òfin wọn ni pé kó má kọjá 0.1%, ìyẹn bíi gíráàmù 1 nínú lítà 1. Àmọ́ Codex, ìlànà oúnjẹ ti gbogbo àgbáyé, tiwọn fún irú nǹkan mímu olómi adùn báyìí ò ju mílígíráàmù 250 nínú kílò 1 lọ, èyí ni mo ní kẹ́ ẹ dì mú, ìyẹn ni pé gíráàmù 5 péré ni fún lítà 20. Ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Lọ́dún 2021 ìgbìmọ̀ FAO àti WHO, ìyẹn àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé ohun tó yẹ kó wọ ara èèyàn lójúmọ́ ò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 fún kílò 1 tí èèyàn wọ̀n lọ. Ọmọ tó wọ̀n kílò 15, tiẹ̀ ò ju 300 lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi gíráàmù 1 sí lítà 1, ike 50cl kan ti ní 500 nínú, ọmọ yẹn ti kọjá ààlà kó tó kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù yín! Tó bá jẹ́ ti 250 yẹn, 125 ló máa mu. Yúróòpù tiẹ̀ dúró lórí mílígíráàmù 5 fún kílò kan tí èèyàn wọ̀n, tí wọ́n ò tíì gbé e sókè, torí náà bó bá ṣe kéré tó ló dáa tó.

Ìbéèrè: Mo rí nǹkan funfun wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ike lẹ́yìn tó wọ fíríìjì.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ benzoate yẹn náà ni. Sóbò kan lẹ́nu gan-an, kíkan ẹ̀ ló ń sọ benzoate di benzoic acid, òun gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í yòrò dáadáa nínú omi tútù. Tẹ́ ẹ bá wọ́n ọn ní gbígbẹ sínú sóbò, á dì sójú kan. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́ díẹ̀ pò ó, kẹ́ ẹ wá máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ máa rò ó. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ tó ṣì tún dì, tó tún ń ta èèyàn lọ́fun, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi sí wàrà ọ̀fíò àti wàrà sóyà náà?

Ìdáhùn: Owó lẹ fi ń ṣòfò. Tí nǹkan ò bá kan (ìyẹn ni pé kí pH ẹ̀, òṣùwọ̀n kíkan, wà nísàlẹ̀ 4.5), benzoate ò lè ṣe nǹkan gidi, àwọn wàrà yìí ò sì kan rárá. Yìnyín ni tiwọn, kẹ́ ẹ tà á tán lọ́jọ́ yẹn.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi vitamin C oníhóró sí i kó lè ṣara lóore.

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Benzoate àti vitamin C, tí ooru àti oòrùn bá dé bá wọn pọ̀, wọ́n lè di benzene, benzene sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n ń yẹ ọtí ẹlẹ́rìndòdò wò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, àwọn iléeṣẹ́ kan sì yí bí wọ́n ṣe ń po tiwọn padà. Díẹ̀ tíńtín ló máa ń jẹ́ o, àmọ́ èso tẹ́ ẹ fi sí i ti ní vitamin C tiẹ̀, kí lẹ tún ń fi kún un fún? Kẹ́ ẹ sì yéé kó ike sínú oòrùn létí títì.

Ìbéèrè: Tí iná ò bá wá wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ sè é níwọ̀n tẹ́ ẹ lè tà lọ́jọ́ yẹn, ẹ kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín láti àárọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ sè é àti benzoate sára ike.